Bá Mi Wò Ó

“Omi yẹn mà ga o,” ni bàbá rẹ̀ wí lórí fóònù. “Wo bó ṣe ń já bọ̀ látòkè. Ṣé kò ta sí ẹ lára?”

Alárìnká rẹ́rìn-ín. Ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ògiri nítorí pé wọ́n wú díẹ̀. Àná, ọjọ́ Sátidé, ló bá àwọn tó ń lọ wo ìlú wọ bọ́ọ̀sì, tó gun òkè olókùúta kan títí ó fi dé ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Bó ti máa ń ṣe ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, ó kọ́kọ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ kí bàbá rẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tó lọ, lẹ́yìn náà ló pè é nílé, tó sì ròyìn rẹ̀ fún un.

“Ó ta sí mi lára, Bàbá. Bàtà mi ṣì wà lójú fèrèsé, kò tíì gbẹ.”

“O kú ìrìn o. Ṣé o wá rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́?”

“Mi ò tíì rí i, Bàbá.”

“Ìyẹn ni pé o ò tíì rìn jìnnà tó.”

Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Àwàdà náà ti gbó, ṣùgbọ́n kò sú wọn. Àwọn àgbà ló ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Láti ìgbà tí Alárìnká sì ti dé ìlú tó ti ń kàwé yìí, kò sí Sọ́ńdè kan tí bàbá rẹ̀ kì í béèrè ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ló já okùn.

Ọmọ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ ni. Nígbà tó ṣì ń rá kòrò, bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sí yàrá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti lọ mú un. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Alárìnká, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí wọ́n fún un lọ. Níbi tó wà yìí, ẹ̀kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń fa omi wọ inú ìlú ló ń kọ́, ìwé náà sì ń mú kó jókòó láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè. Àmọ́ bí Sátidé bá ti mọ́, tó ṣí fèrèsé tó rí ògiri ilé kejì tó dúró gbagidi síwájú rẹ̀, ńṣe ni àtẹ́lẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó ti dé orí afárá àtijọ́, ó ti dé ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, ó ti gun ilé ìṣọ́ kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí lẹ́nu rẹ̀. Bó bá sì ti dé ibì kan, kì í pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tó kàn.

Kì í ṣe ti ẹsẹ̀ nìkan o. Lọ́jọ́ tí yóò fi ilé sílẹ̀, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tí bàbá rẹ̀ ń wà ló fi gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Bàbá náà gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, “Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń wakọ̀, àmọ́ kí n kó ọmọ láti ilé lọ sí ilé-ìwé, kí n kó wọn láti ilé-ìwé padà sí ilé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó o bá dé, bá mi wò ó.” Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ lára. Látìgbà náà, bí ó bá wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan fún ara rẹ̀, ó ń tún un wò fún bàbá rẹ̀.

“Àwọn ọmọ yín ńkọ́?” ló béèrè báyìí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé inú bọ́ọ̀sì ló ní lọ́kàn.

“Wọ́n wà ńbẹ̀, wọ́n ń da orí mi rú.” Ohùn bàbá dùn. “Mo sọ eré wa fún ẹ, àbí mi ò sọ ọ́? Bí a bá ti ń sún mọ́ iná ojú títì, màá bi wọ́n pé, ‘Kí ni iná wí?’ Gbogbo wọn á pariwo pé, ‘Ó ní ká dúró!’ tàbí, ‘Ó ní ká máa lọ!’ Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ ló gba súìtì. Ọmọ kékeré kan wà níwájú báyìí, bí iná bá wà lọ́hùn-ún gan-an, ó ti rí i. Ojú ọmọ yẹn mú.”

“Ẹ máa fi súìtì ba eyín gbogbo wọn jẹ́ o.”

“Eyín á tún hù. Ó yá, lọ sinmi. Màmá rẹ ò tíì dé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ tuntun ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Èmi nìkan ni mo wà nílé.”

Wọ́n dágbére fúnra wọn. Alárìnká kò tíì gbé ẹsẹ̀ kúrò lára ògiri tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi wọlé. Obìnrin yìí jù ú lọ dáadáa. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe tó tún ń kàwé kún un, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń lo ilé ìdáná. Láàárọ̀ yẹn, ó gbé ìrẹsì kaná, ó ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, oorun gbé e lọ, ìkòkò náà sì jóná kanlẹ̀. Kí Alárìnká tó bá a fọ̀ ọ́, ó ti kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ pé òun máa fi dójú tì í.

“Ìwọ ọmọ yìí, fọ́tò ìkòkò mi dà? O ní o máa fi ránṣẹ́ sí mi kí n gbé e kọ́ ara ògiri.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, mo gbàgbé ni. Ó ń bọ̀.”

Ó ṣí fóònù. Ohun tó rí lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ mú kí ó dìde jókòó. Fọ́tò omi kọ́ ló wà níbẹ̀. Ìkòkò ni. Ìkòkò dúdú kirimú, ìrẹsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí bí èédú, ṣíbí kan sì dúró ṣánṣán láàárín rẹ̀. Fọ́tò méjèèjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìka ló ṣìnà. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó na fóònù sí Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ìyẹn náà sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ara ilẹ̀kùn mú.

“Ìkòkò mi ti dé ilé yín kí èmi tó dé ibẹ̀! Kí ni Bàbá wá sọ?”

“Wọ́n ní omi yẹn ga,” ni Alárìnká wí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Bóyá wọ́n ń bá ẹ ṣeré ni,” ló sọ nígbà tó yá.

“Bóyá.”

Kò dá a lójú. Eré bàbá rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó já. Bí ó bá ń fi èèyàn ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń tú u fó. Ó tún tẹ fóònù pè é.

“Bàbá, èmi náà ni. Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹ ṣì ń wò ó?”

“Òun ni mo ń wò yìí.”

“Kí lẹ rí lápá ọ̀tún ẹ̀?”

“Lápá ọ̀tún?” ni bàbá wí. “Igi ni,” ló sọ. “Kí ló tún máa ń wà létí omi bí kò ṣe igi? Igi tútù yọ̀yọ̀.”

“Ẹ ṣé, Bàbá,” ni Alárìnká wí, ó sì pa fóònù kí ohùn tó tú u fó.

Lẹ́yìn náà, ó pe ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun lẹ́yìn, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pa á lẹ́kún. Kò kí i délé kó tó sọ ọ́. Ó ní, “Màmá, ṣé Bàbá ò ríran mọ́ ni?”

“Ta ló sọ fún ẹ?” ni ìyá rẹ̀ wí.

Ẹni tó bá dáhùn báyìí ti dáhùn tán. Ìyá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

“Wọ́n ń rí nǹkan díẹ̀,” ló ní. “Ó ń ṣe wọ́n bàìbàì ni. Wọ́n ní bí ẹni pé èéfín bo gbogbo nǹkan. Wọ́n ṣì mọ èèyàn, wọ́n ṣì ń rí ọkọ̀ tó bá sún mọ́ wọn. Ohun tó bá kéré tàbí tó jìnnà ló ń dà rú. Fọ́tò tó o máa ń fi ránṣẹ́, èmi ni mo máa ń bá wọn wò ó. Mo máa sọ fún wọn pé, aṣọ pupa lo wọ̀, orí afárá lo dúró sí, ò ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á há a sórí kó o tó pè.”

Alárìnká rántí pé ó ti pẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti ní kí wọ́n má fi fídíò pe ara wọn mọ́, pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Ó rántí pé tẹ́lẹ̀, bàbá náà máa ń bá fọ́tò rẹ̀ wí: èyí ṣókùnkùn jù, èyí gé orí ilé. Àmọ́ láti ọjọ́ mélòó kan, gbogbo fọ́tò ló dára, gbogbo rẹ̀ ló rẹwà. Òun sì rò pé òun ti mọ fọ́tò yà ni.

“Ṣé wọ́n ti lọ rí dókítà?”

“Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kan. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè tún un ṣe, àmọ́ kí wọ́n jáwọ́ nínú ọkọ̀ ná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bínú dìde. Wọ́n ní bí àwọn ará ilé-ìwé bá gbọ́, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n sì ní kí n má jẹ́ kó o gbọ́, pé o máa di ẹrù ẹ wálé, ìwé á dúró.”

“Màmá, wọ́n ṣì ń kó àwọn ọmọ yẹn.”

“Wọ́n mọ ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ inú yàrá ẹ̀. Ọlọ́run ń ṣọ́ wọn.”

“Ta ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ?”

Ọmọ tuntun náà tún ké.

Alárìnká gbé fóònù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Yàrá náà kò gbà ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ, ló bá ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé, láti ìdí fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kò ó lójú, tó fi dúró gbọnin. Kí ni iná wí? Eré kọ́ ni eré yẹn. Àwọn ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà ara wọn ni bàbá rẹ̀ fi ṣe ojú. Ọmọ tí ojú rẹ̀ mú jù ló gbé síwájú. Òun náà sì ti gbọ́ ọ títí, ó ti fi rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé kò sí bàbá tó mọ̀ ọ́n fi ọmọdé ṣeré tó bàbá òun.

Ẹ̀rù bà á, inú bí i, àánú bàbá rẹ̀ sì ṣe é, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti gun òkè, ó ti gun ilé ìṣọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti wá rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

“Kí ni kí n ṣe, Àǹtí?”

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti jókòó sórí àga. “Bàbá ẹ ni, kì í ṣe bàbá mi. Mi ò lè fi ẹnu mi sọ ọ́,” ló wí. “Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé ọ̀la ni Mọ́ńdè.”

Ó pe bàbá rẹ̀ nígbà kẹta. Bàbá náà gbé e, kò sì ṣàwàdà.

“Màmá rẹ ti pè mí,” ló ní.

“Bàbá, ìkòkò tó jóná ni mo fi ránṣẹ́ sí yín. Kì í ṣe omi.”

“Mo ti gbọ́.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

“Kí n sọ fún ẹ kó o ṣe kí ni? Kó o fò wálé wá di ọwọ́ mi mú? Ojú tèmi ló ń ṣe bàìbàì, tìẹ ò ṣe é. Máa kàwé ẹ.”

“Iná ojú títì yẹn, Bàbá. Ta ló ń wò ó?”

“Àwọn ọmọ ń bá mi wò ó.”

“Ọmọ ọdún mẹ́fà, Bàbá. Bí ó bá ń sùn lọ́jọ́ kan ńkọ́? Bí ó bá ń wo labalábá ńkọ́?”

Ohùn bàbá wálẹ̀. “Jẹ́ kí sáà yìí parí. Kò kù púpọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti gba ìsinmi, màá lọ rí dókítà. Mi ò fi ọkọ̀ kọlu ẹnikẹ́ni rí láyé mi, o mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la ni. Ẹ bá mi pe Ọ̀gá Àgbà nílé-ìwé, kẹ́ ẹ sọ fún wọn fúnra yín. Tí ẹ ò bá pè wọ́n, èmi máa pè wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú.”

“O ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.”

“Ẹ bínú sí mi, Bàbá. Ẹ bínú sí mi dáadáa. Màá ṣe é.”

Bàbá pa fóònù. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, bàbá rẹ̀ kò kẹ̀yìn sí i nígbà tó ń sọ̀rọ̀ rí. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ògiri ilé kejì, ó ń retí kí fóònù dún. Kò dún. Ó gbé bàtà rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ ní tútù bẹ́ẹ̀, ó yí ilé náà ká, ó tún padà wọlé. Kò sí ibi tí yóò rìn dé tí ọ̀rọ̀ náà kò ní í bá a dé. Ó wá nọ́ńbà Ọ̀gá Àgbà jáde. Obìnrin yìí ló jẹ́ ọ̀gá nígbà tí òun náà wà nílé-ìwé yẹn, tí Alárìnká máa ń jókòó níwájú bọ́ọ̀sì, lẹ́yìn bàbá rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè ohun tí iná wí.

“Ẹ káàsán, mà. Ọmọ Bàbá Bọ́ọ̀sì ni.”

“Háà, Alárìnká. Ṣé dáadáa lo wà?”

Ó béèrè bóyá bàbá òun ti pè. Ọ̀gá Àgbà ní kò pe òun. Ni Alárìnká bá sọ ọ́. Kò pọ̀ lọ́rọ̀, àmọ́ ó wúwo, ó sì sunkún díẹ̀ nígbà tó parí rẹ̀. Obìnrin náà kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Èmi fúnra mi ni màá lọ bá wọn nílé lálẹ́ òní. Mi ò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàbùkù wọn.”

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bàbá rẹ̀ kò gbé fóònù. Ìyá rẹ̀ ti padà sílé. Òun ló ń fèsì, ó ń sọ pé wọ́n ń sùn, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Alárìnká jókòó nínú kíláàsì, olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ omi, òun ń ro bọ́ọ̀sì. Nígbà tí Sátidé pé, ó ní òun ò lọ síbì kankan. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wò ó bó ṣe ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé, ó ní, “Lọ, jọ̀ọ́. Kó o tó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ ilé onílé já.”

Ló bá lọ. Bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ sí etí òkun kan tí òkúta pọ̀ sí. Ojú ọjọ́ ti ṣú, atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn yòókù ń ya fọ́tò ara wọn, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Alárìnká wò yíká lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ sì ti sú u. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú bọ́ọ̀sì, òun náà gbé báàgì rẹ̀. Fóònù dún. Bàbá rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ Sọ́ńdè kọ́.

“Bàbá, ẹ káàsán.”

“Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sórí bọ́ọ̀sì,” ni bàbá wí. Kò dáhùn ìkíni. “Ọ̀dọ́kùnrin kan báyìí. Ọ̀gá Àgbà ní àwọn ọmọ ṣì ń pariwo sí i létí. Bí wọ́n bá ti rí iná, wọ́n á ní, ‘Ó ní ká dúró!’ Ó ní kí wọ́n dákẹ́, òun ríran.”

Alárìnká kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré.

“Inú ṣì ń bí mi sí ẹ o.”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

“Kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́rú, màmá rẹ ń mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.” Ó wú ikọ́ díẹ̀. “Níbo lo wà tí atẹ́gùn ń pariwo báyìí?”

“Etí òkun ni, Bàbá.”

“Ṣé o ti ya fọ́tò?”

“Mi ò yà á.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó yá, bá mi wò ó. Má sáré o, ìwọ tí ara ẹ kì í balẹ̀.”

Ó yíjú padà sí òkun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òkúta ló wà níbẹ̀, òkúta roboto dúdú, omi ń dé ibẹ̀, ó ń padà, ó sì ń fi ìfófòó sílẹ̀ sáàárín wọn. Ó ní ẹyẹ funfun kan dúró lórí ọ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ẹni tó ń ronú. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn, omi ni títí lọ, kò sì sí ibi tí èèyàn lè sọ pé ibí ni omi parí sí, ibí ni ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń sọ pé, “Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀n-ẹ́n.”

“Ilé gíga kan wà lórí àpáta lọ́hùn-ún, Bàbá. Torí àwọn ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Iná ńlá wà lórí ẹ̀, ó ń yí, ó ń tàn, ó ń lọ, ó tún ń padà.”

“Iná?” ni bàbá wí. “Kí ni iná ọ̀hún wí?”

Lẹ́yìn Alárìnká, awakọ̀ ti ń fun fèrè bọ́ọ̀sì pé kí àwọn tó kù máa bọ̀.

“Ó ní ká dúró, Bàbá,” ló wí.

Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí òkúta, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.